Kalakuta: orílẹ̀-èdè tó wà ní ojúlé 14, Agege Motor Road

Bí ẹ bá wà nínú dánfó, ẹ ti íàpíìsì yín bọ etí dáadáa, kí ẹni tó jókòó tì yín má baà gbọ́ ohùn mi jù yín lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí ni nítorí pé dátà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ̀yin náà, ẹ káàbọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ló dá ọ̀rọ̀ òní sílẹ̀. Ó wo fídíò kan nípa Sealand lórí fóònù rẹ̀, ó wá bá mi tìyanu-tìyanu: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkùnrin kan gun orí òpó inú òkun nílùú Ọba, tó ní ibẹ̀ ti di orílẹ̀-èdè?" Mo mọ̀. Roy Bates ni wọ́n ń pè é. Ilé ìṣọ́ tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sínú òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló lọ gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967, ó kéde pé ibẹ̀ ti gba òmìnira, ó sì fi ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ joyè. Wọ́n ní àsíá, wọ́n ní pásípọ́ọ̀tù, wọ́n ní sítáǹpù. Títí di òní, kò sí ìjọba kankan láyé tó gbà pé orílẹ̀-èdè ni. Àbúrò mi wá bi mí bóyá irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà. Mo ní, "Ó ṣẹlẹ̀ ní Ìdí-Òro." Ó rò pé mo ń fi òun ṣeré ni.

Mi ò ṣeré. Ojúlé 14, Agege Motor Road, Ìdí-Òro, lọ́nà Mushin. Ilé alájà kan ni, pẹ̀lú ọgbà tí wọ́n mọ yí i ká. Fẹlá Aníkúlápó Kútì ló ń gbébẹ̀, òun àti àwọn tó ń lùlù fún un, àwọn tó ń jó, àwọn tó sá kúrò nílé bàbá wọn, àwọn tí kò níbi tí wọn ó sùn, àti àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún. Àbúrò Fẹlá, Dókítà Beko, ní ilé ìwòsàn kan nínú ọgbà náà tó ti ń tọ́jú àwọn ará àdúgbò. Shrine, níbi tí Fẹlá ti ń ṣeré lóru, kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn dé e. Fẹlá pe ilé yìí ní Kalakuta Republic, ó sì ní òfin Nàìjíríà dópin níwájú géètì òun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí orúkọ náà ti wá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn. Lọ́dún 1974, àwọn ọlọ́pàá ya bo ilé Fẹlá, wọ́n ní igbó làwọn ń wá. Wọ́n gbé e lọ sí àtìmọ́lé Alágbọn, ní Ìkòyí. Yàrá tí wọ́n jù ú sí, àwọn tó bá níbẹ̀ ti sọ ọ́ lórúkọ kó tó dé: Kalakuta Republic. Ìtàn Íńdíà ni orúkọ yẹn ti wá. Lọ́dún 1756, nílùú Calcutta, wọ́n kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ọwọ́ ogun tẹ̀ sínú yàrá kótópó kan, ooru àti àìrí atẹ́gùn sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwé ìtàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé káàkiri àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso kò gbàgbé ìyà yẹn. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí: ìtàn tí òyìnbó fi ń sunkún ara rẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n Èkó mú, wọ́n fi sọ yàrá tí wọ́n tì wọ́n mọ́ lórúkọ. Nígbà tí Fẹlá jáde, ó gbé orúkọ náà délé. Ó ní nígbà tó yá, òun gbọ́ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà pé ìtumọ̀ Kalakuta lédè Swahili ni "ìpáǹle", àti pé bó bá jẹ́ ìwà ìpáǹle ló máa gbà wá sílẹ̀, àwọn á hù ú.

Àwọn ọlọ́pàá kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà kan wọ́n tún mú igbó wá, Fẹlá gbé e mì níwájú wọn. Wọ́n tì í mọ́lé pé kó yàgbẹ́, kí àwọn fi ìgbẹ́ náà ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a wá ọgbọ́n sí i, ìgbẹ́ ẹlòmíràn ni àyẹ̀wò bọ́ sí lórí, wọn ò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ náà kọ orin lọ́dún 1975, Expensive Shit. Bí ẹ bá ti ń jó sí i nínú pátì láìmọ ìdí, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "republic" yẹn ló ye kí á dúró lé. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè pe ilé ọtí rẹ̀ ní republic, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1974, ogun Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni. Ìgbà ìkẹyìn tí ẹnìkan dìde ní Nàìjíríà tó ní òun ti dá republic tòun sílẹ̀, odidi ọgbọ̀n oṣù ni wọ́n fi jagun, ebi àti ìbọn sì pa àìmọye ènìyàn. Gowon tó ja ogun náà ló ṣì wà lórí àga. Inú ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rùn bí ẹ̀tù ìbọn ni Fẹlá ti gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ní ojú títì tí ọkọ̀ ṣọ́jà ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Àwọn kan sọ pé eré lásán ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ṣọ́jà náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò ṣe é bíi ti Roy Bates. Mi ò tíì rí pásípọ́ọ̀tù Kalakuta kankan. Ohun tí Fẹlá ń sọ ni pé republic tí òyìnbó dá sílẹ̀, tó fi ṣẹ́kù fún wa, òun kò bá wọn sí nínú rẹ̀. Lọ́dún 1933, àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà péjọ ní Montevideo, wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ní kó tó di orílẹ̀-èdè: àwọn ènìyàn tó ń gbébẹ̀, ààlà, ìjọba, àti agbára láti bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe. Kalakuta lénìyàn. Ó ní ààlà, bó tilẹ̀ jẹ́ wáyà ló fi ṣe é. Ó níjọba, ẹnìkan ṣoṣo. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ibi tí ọkùnrin yìí ti wá. Ẹ̀gbá ni. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó díẹ̀díẹ̀, Abẹ́òkúta fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn lọ́dún 1893, ìwé tó ní Ẹ̀gbá á máa ṣàkóso ara rẹ̀. Láti ọdún 1898, wọ́n ní ìjọba tí wọ́n ń pè ní Egba United Government, tó ní akọ̀wé ìjọba, tó ní kóòtù, tó ń gbowó bodè. Ọdún 1914 ni òyìnbó gba òmìnira náà lọ́wọ́ wọn. Bàbá bàbá Fẹlá, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, gbé ayé nínú orílẹ̀-èdè yẹn. Òun ni àwọn Ẹ̀gbá máa ń sọ pé ó kọ orin tí wọ́n ń kọ títí dòní bí orin ìlú wọn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní níbo ni ọmọ Abẹ́òkúta ti rí i pé ìlú kékeré lè dá dúró, ilé ló ti rí i.

Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ nítorí owó orí, wọ́n dúró níwájú ààfin títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè lọ́dún 1949. Ó lọ sí Ṣáínà, ó lọ sí Rọ́ṣíà, ìjọba Nàìjíríà sì kọ̀ láti tún pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe nítorí àwọn ìrìnàjò yẹn. Lọ́dún 1970, Soviet fún un ní Ẹ̀bùn Àlàáfíà Lenin. Màmá yìí ti ń bá ayé ṣòṣèlú kí ọmọ rẹ̀ tó mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fẹlá fúnra rẹ̀ gbà pé kò yé òun títí òun fi dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Sandra Smith fún òun ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X.

Wàyí o, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣèjọba nínú Kalakuta? Ẹ̀yin tó fẹ́ràn Fẹlá, ẹ má bínú sí mi. Kò sí ìdìbò. Òfin wà, Fẹlá ló ń ṣe é, òun ló ń dá ẹjọ́, òun ló sì ń fi ìyà jẹni. Àtìmọ́lé wà nínú ọgbà náà, Kalakusu ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tó sá fún ẹ̀wọ̀n Alágbọn kọ́ ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ sílé. Ó máa ń gbá àwọn obìnrin tó ń bá a gbé létí, kò sì fi pamọ́. Mo ti gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé ayé ìgbà yẹn ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i ti fi àwọn obìnrin lé ọba kúrò lórí oyè láti ọdún 1949, nítorí náà, ọ̀rọ̀ ayé ìgbà yẹn kò tà létí mi. Àwọn obìnrin Kalakuta, àwọn tó ń jó tí wọ́n sì ń gbè é lórin, ni wọ́n jẹ ìyà tó pọ̀ jù nígbà tí nǹkan dé, orúkọ wọn ni a sì mọ̀ kéré jù.

Ọ̀rọ̀ òkèèrè ni Kalakuta mọ̀ ọ́n sọ jù. Kí ilé náà tó ní orúkọ pàápàá, lọ́dún 1973, Paul McCartney wá gba orin sílẹ̀ l'Ékòó. Fẹlá lọ bá a ní ilé iṣẹ́ orin náà, ó ní ó wá jí orin Áfíríkà gbé. McCartney ní láti gbé orin rẹ̀ sí i létí kó tó gbà pé kò jí nǹkan kan. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí rẹ̀: kọ́sítọ́ọ̀mù nìyẹn, àyẹ̀wò ẹrù lẹ́nu bodè.

Nínú Shrine, àwòrán Kwame Nkrumah wà níbẹ̀, ti Malcolm X wà níbẹ̀. Èrò Nkrumah ni Fẹlá gbà: kí gbogbo Áfíríkà di ọ̀kan, kí ààlà tí òyìnbó fà parẹ́. Ẹ wò ó dáadáa, ó yani lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló tún dá orílẹ̀-èdè tí kò ju ilé kan lọ sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò takora: Nàìjíríà ló tóbi jù fún irọ́, tó sì kéré jù fún òtítọ́. Lọ́dún 1976, ó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀, Young African Pioneers, wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, YAP News, wọ́n ń pín in lójú títì.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rẹ́ tó yàn lágbàáyé ló dára. Ó yin Idi Amin, ọkùnrin tó ń pa àwọn ará Uganda bí ẹni pa ẹran, nítorí pé ó ń bú àwọn òyìnbó. Bí ẹ bá gbọ́ pé Fẹlá kò ṣìnà rí lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kò kà á tán. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí kò sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Mo ń rí i lórí fóònù mi lójoojúmọ́, àwọn ọ̀dọ́ bíi tiyín tó ń pàtẹ́wọ́ fún ṣọ́jà ìlú míì, kìkì nítorí pé ó fi ẹnu gbá Faransé.

Nígbà tó di ọdún 1977, Nàìjíríà ṣe FESTAC. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní dé ọjọ́ 12 oṣù Kejì, gbogbo adúláwọ̀ àgbáyé péjọ sí Èkó. Owó epo ni wọ́n ń ná. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi Fẹlá sínú ìgbìmọ̀, ó kó àbá tirẹ̀ sílẹ̀, wọn ò kà á sí, ó bínú jáde. Orin Zombie ti jáde nígbà náà, orin tó fi àwọn ṣọ́jà wé òkú tó ń rìn, tí kò lè ronú àyàfi bí ọ̀gá bá pàṣẹ. Àwọn ọmọdé ń fi igi ṣe ìbọn, wọ́n ń fi orin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ṣọ́jà ní gbangba. Nígbà tí ìjọba ń gba àlejò ní National Theatre, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò náà, Stevie Wonder àti Gilberto Gil wà lára wọn, gba Ìdí-Òro lọ lóru. Ẹ rántí ohun tí Montevideo wí: agbára láti bá àwọn mìíràn ṣe. Nínú oṣù yẹn, Kalakuta ń gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ń sọ fún wọn lójú-ẹsẹ̀ pé olè ni àwọn tó pè wọ́n wá. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó ti di orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ náà ni mo rò pé wọ́n ti dájọ́ ikú fún un.

FESTAC parí ní Sátidé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, aáwọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lójú títì láàrin àwọn ọmọ Kalakuta àti àwọn ṣọ́jà. Àwọn ọmọ náà sá wọlé. Àwọn ṣọ́jà ní kí Fẹlá fà wọ́n lé àwọn lọ́wọ́, ó kọ̀. Láàrin orílẹ̀-èdè méjì, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìwé ni wọ́n ń kọ, agbẹjọ́rò ni wọ́n ń rán. Láàrin Nàìjíríà àti ojúlé 14, bí ẹgbẹ̀rún kan ṣọ́jà ló dé. Wọ́n ní Fẹlá ti fi iná jẹnẹrétọ̀ sí wáyà ọgbà. Wọ́n pa iná náà, wọ́n wọlé. Wọ́n lu ọkùnrin, wọ́n lu obìnrin, wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀. Wọ́n fọ́ Fẹlá lórí, wọ́n ṣe Beko léṣe. Wọ́n gbé màmá, ẹni ọdún 76, wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé òkè. Lẹ́yìn náà wọ́n dáná sun ilé, ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ orin, àwọn téèpù, gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Mushin lọ́dún náà. Ó ní èéfín làwọn kọ́kọ́ rí. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n sì jókòó sínú òkùnkùn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo bi í léèrè kí ni wọ́n sọ nínú òkùnkùn yẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sábà dúró tì, òun ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ìjọba tó dáná sun Kalakuta kì í ṣe ìjọba tó ń bá òyìnbó jókòó jẹun lórí ọ̀rọ̀ Áfíríkà. Ìjọba Murtala àti Ọbásanjọ́ ló kọ ojú ìjà sí Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ Àǹgólà, tí wọ́n ti MPLA lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1977, oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn iná Ìdí-Òro, Èkó ni Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti ṣe ìpàdé ńlá lòdì sí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà. Lọ́dún 1979, Ọbásanjọ́ gba ilé iṣẹ́ epo BP lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Bí ẹ bá kọ ìlànà ilẹ̀ òkèèrè Dodan Barracks sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kalakuta, ẹ ó rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta ni Fẹlá, àwọn méjèèjì ń pariwo pé kí wọ́n má lu adúláwọ̀ mọ́ ní Soweto. Ọ̀kan nínú wọn ló ní ṣọ́jà.

Nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé, mo rò pé ẹni tó bá dára sí Áfíríkà níta, yóò dára sí ọmọ Áfíríkà nílé. Kalakuta ló kọ́ mi pé ọ̀nà méjì ni, wọn kì í sábà pàdé. Ẹ sì jẹ́ olódodo: Kalakusu pẹ̀lú sọ bẹ́ẹ̀.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Èsì tí wọ́n mú wá ni pé ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn lọ́sàn-án gangan, ní ìkan nínú àwọn òpópónà tó kún jù l'Ékòó, a kò mọ ẹnìkan. Fẹlá pè wọ́n lẹ́jọ́, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 25 náírà, kóòtù dá ẹjọ́ náà nù. Ó kọjá sí Gánà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ mú Zombie kọ sí ṣọ́jà tiwọn, Gánà náà lé e jáde. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978, màmá kú. Kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jù ú sílẹ̀.

Nígbà tí Ọbásanjọ́ ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún Shagari lọ́dún 1979, Fẹlá àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí ẹnu géètì Dodan Barracks, wọ́n gbé e síbẹ̀, wọ́n yí padà. Lọ́dún yẹn kan náà, ó fẹ́ du ipò ààrẹ. Ó ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, Movement of the People, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ni àjọ ìdìbò fọwọ́ sí, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìfẹ́ ìṣèlú yìí ná an lówó, ó sì ná an lénìyàn: lẹ́yìn tí wọ́n ṣeré ní Berlin lọ́dún 1978, àwọn tó ń lùlù fún un gbọ́ pé owó náà máa lọ sórí ìpolongo ìdìbò, ọ̀pọ̀ wọn sì fi í sílẹ̀. Tony Allen tó ń lù ú ní dírọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀ kúrò. Kò sí Afrobeat láìsí Tony Allen, Fẹlá fúnra rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé ti jóná, ṣùgbọ́n Kalakuta ṣì ń sọ tẹnu rẹ̀ lórí ayé. Lọ́dún 1984, ìjọba Buhari mú un ní pápákọ̀ òfuurufú lórí pọ́n-ùn 1,600, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Amnesty gbà pé ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú ni. Ọdún 1986 ló jáde, nínú oṣù Kẹfà ọdún náà ó sì ti wà lórí ìtàgé Amnesty ní New Jersey. Lẹ́yìn èyí ni Beasts of No Nation jáde, lọ́dún 1989. Bí Kalakuta bá ní mínísítà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú ìpàdé àgbáyé ni orin yẹn. Ní àwọn ọdún yẹn, bí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ ìyà Gúúsù Áfíríkà dé Ìgbìmọ̀ Ààbò ní New York, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì á lo agbára veto. Ẹnìkan ṣoṣo á ní "rárá", gbogbo ilé á dákẹ́. Fẹlá bèèrè irú ìṣọ̀kan wo nìyẹn. Ó ka àwọn ogun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan náà ń bá ara wọn jà. Ó ní àwọn tó ń ṣe bí ẹranko kò lè máa fi ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ta wá lọ́rẹ, nítorí pé a ti bí ẹ̀tọ́ náà mọ́ wa. Lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù náà, ẹ ó rí Botha, Thatcher àti Reagan, wọ́n ya ìwo sí wọn lórí. Ẹni tó bá ń wo ìròyìn lọ́dún yìí, tó sì rí ẹnìkan tó na ọwọ́ sókè nínú yàrá yẹn láti dá ìpinnu dúró, kò ní nílò kí n ṣàlàyé orin náà fún un.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tiẹ̀ di olórí orílẹ̀-èdè tòótọ́, Thomas Sankara ti Burkina Faso. Fẹlá ṣàbẹ̀wò sí i. Wọ́n pa Sankara ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1987. Ọjọ́ yẹn ni Fẹlá pé ọdún 49. Ó kọrin nípa rẹ̀ nínú Underground System, ọ̀kan nínú àwọn àwo tó ṣe gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997 ló kú. Èrò tó jáde sin ín, Èkó kò rí irú rẹ̀ rí. Ilé tó gbé kẹ́yìn, ní Òpópónà Gbẹ́misọ́lá, Ìkẹjà, ni ibojì rẹ̀ wà. Lọ́dún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi owó sílẹ̀ láti sọ ilé náà di mùsíọ́ọ̀mù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2018, ààrẹ Faransé, Emmanuel Macron, lọ sí Shrine tuntun tí àwọn ọmọ Fẹlá kọ́ ní Agidingbi, ó bá wọn mu, ó bá wọn jó. Ẹ ò rí i pé kò sí ààrẹ ilẹ̀ òkèèrè kankan tó tíì lọ sí Sealand.

Mo mú àbúrò mi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù náà. Bàtà Fẹlá wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n jọ. Pátá rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ nínú gíláàsì. Àbúrò mi ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó bi obìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ò ní tẹ òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù wa ni?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní wọn kì í tẹ òǹtẹ̀ níbẹ̀, kó lọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àlejò. Ó kọ orúkọ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó gbé bírò sókè díẹ̀, ó wò mí.